Ẹni Tó Bọ́ Sẹ́yìn Alùpùpù

Aránṣọ náà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ ìtàn yìí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ka ìwà òmùgọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì ti rín ẹ̀rín rẹ̀ tán kí ìwọ tó rí àyè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bí òun bá máa ṣubú, òun a yáa fi ìdí gúnlẹ̀ gbì níwájú gbogbo ayé, nítorí ìdí òun tóbi tó láti gba ìyà náà.

Ohun tó ṣe rèé. Ó pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta, ó ti ní ọmọ-ọmọ kan, orúnkún rẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́ bó bá dìde, ó wá ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun alùpùpù. Ó wọ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ó ki rọ́bà bọ ìbàdí rẹ̀ kó má baà já sílẹ̀ láàárín ìgboro, ó sì ti alùpùpù ọkọ náà láti ilé dé pápá tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bíríkì. Nígbà tó fi máa débẹ̀, òógùn ti sọ aṣọ rẹ̀ di èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ọkùnrin tó ń kọ́ni ti ń dúró dè é, òun àti ọ̀dọ́bìnrin méjì tí àwọn náà fẹ́ kọ́ ọ, tí ọjọ́ orí àwọn méjèèjì pa pọ̀ kò tó tirẹ̀. Ọkùnrin náà kí i dáadáa, ó ní kó gorí alùpùpù. Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ó tún ìdí ṣe, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó wá kọjú síwájú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.

Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà dúró. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin náà dúró.

"Mà," ọkùnrin náà wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ta là ń retí?"

Ìgbà náà ni aránṣọ tó wo ibi tó jókòó sí. Ẹ̀yìn ni. Orí ìjókòó èrò ló gúnlẹ̀ sí, ó ń retí kí awakọ̀ wá gun iwájú kí wọ́n máa lọ. Awakọ̀ tó ń retí ọ̀hún sì ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún mẹ́rin.

Àwọn ọ̀dọ́bìnrin fọwọ́ bo ẹnu. Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín ṣáájú wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí omi ẹ̀rín tán tí omi kejì bẹ̀rẹ̀, àfi ọkùnrin náà. Òun mọ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì kí i kú ọ̀fọ̀. Ó kàn fọwọ́ lu apá iwájú ìjókòó náà, ó ní, "Jẹ́jẹ́. Ẹ sún síwájú díẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe lónìí, ẹ sún lọ́la."

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn.

Bàbá Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ jù nìyẹn. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi gun alùpùpù pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ṣubú, ajá ló fà á. Ìyàwó rẹ̀ ti kó jáde tipẹ́tipẹ́. Obìnrin náà ní ẹnu ọ̀nà gbogbo ayé ni ọkọ òun ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, ti ilé òun nìkan ni kì í gbé e dé. Bí wọ́n bá bi Bàbá Jẹ́jẹ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ni, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó sọ lórí rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ọkọ aránṣọ yàtọ̀ pátápátá. Rédíò ló ń tún ṣe nígbà ayé rẹ̀, ẹnu rẹ̀ pàápàá kò yàtọ̀ sí rédíò, ó ga, ó sì fẹ́ràn àríyá. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi jọ gun alùpùpù yẹn. Kí wọ́n tó gbéra ní àràárọ̀, á yí orí padà díẹ̀, á ní, "Ẹrù mi, ṣé o ti gúnlẹ̀?" Obìnrin náà kò ní fẹnu dáhùn. Àtẹ́lẹwọ́ ni yóò tẹ́ pẹrẹsẹ sí ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn: mo ti gúnlẹ̀, máa lọ.

Lójú ọ̀nà, nítorí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ nǹkan, èjìká ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bí ìyàwó bá fi ìka kan èjìká ọ̀tún ọkọ lẹ́ẹ̀kan, rọra ni. Lẹ́ẹ̀mejì, dúró, mo fẹ́ sọ̀. Àtẹ́lẹwọ́, máa lọ. Wọn kò jókòó fọkàn kọ́ ọ rí. Bí ọwọ́ àti èjìká ṣe ń gbé pọ̀ ni wọ́n ṣe gbọ́ èdè ara wọn.

Láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti kú, inú ọ̀ọ̀dẹ̀ ni alùpùpù wà, wọ́n fi aṣọ bò ó. Aránṣọ a máa nù ún lọ́jọ́ Sátidé. Ó ń nu táńkì, ó ń nu irin, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan ohun méjì. Ìkíní ni kòtò tí ìdí ọkọ rẹ̀ gbẹ́ sójú ìjókòó iwájú. Ìkejì ni dígí. Ọkọ rẹ̀ ló yí dígí náà bó ṣe wà, bí obìnrin náà bá sì wò ó láti ìsàlẹ̀ tirẹ̀, orí òrùlé àti ojú ọ̀run nìkan ló ń rí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbé lódìkejì afárá, ló kó iná sí i nídìí. Ọkùnrin náà wá kí i lọ́jọ́ kan, ó rí i pé aránṣọ ti ń ká aṣọ oníbàárà lé orí alùpùpù. Ó ní kì í ṣe àga ni àbúrò òun fi sílẹ̀ sáyé lọ. Ó ní, "Ìyàwó wa, bó o bá fúnra rẹ gùn ún dé ẹnu ọ̀nà mi kí ìgbà òjò tó dé, tìrẹ ni títí láé. Bó ò bá lè gùn ún, màá wá gbé e."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Kò sí ọ̀nà tó dé ilé rẹ̀ tí kò gba orí afárá, gbogbo ẹbí ló sì mọ̀ pé láti ọdún mẹ́rin, bí aránṣọ bá wọ ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀, ojú ló ń dì títí wọ́n á fi kọjá.

Sísún síwájú náà kò yá. Lójoojúmọ́ ló ń fi ìwọ̀n ìka kan sún. Ṣùgbọ́n wàhálà tó kọ́kọ́ fẹ́ lé e kúrò ní pápá, ẹsẹ̀ ló fà á.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì ìránṣọ: gìgísẹ̀, ọmọ ìka, gìgísẹ̀, ọmọ ìka. Jíà alùpùpù ọkọ rẹ̀ sì ní orí méjì lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì, èyí tí à ń fi ọmọ ìka tẹ̀ àti èyí tí à ń fi gìgísẹ̀ tẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ti ba aránṣọ báyìí, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Jíà kìn-ín-ní, ìkejì, ìkíní, ìkejì. Alùpùpù á máa fò bí ewúrẹ́ tí èèrùn wọ̀ nídìí, á húkọ́, á sì kú síbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́bìnrin náà ní ó dà bíi pé Màmá ń rán pápá. Aránṣọ ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ń ṣẹ́ ẹ létí ni, kí ọmọ náà gbé aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wá, òun á bá a rán an bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ẹsẹ̀ òsì náà bí ẹni wo ọ̀dàlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán, Bàbá Jẹ́jẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní kó jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun jókòó sídìí máṣíìnì. Aránṣọ rò pé eré ni. Ọkùnrin náà ní òun fẹ́ mọ ohun tí ẹsẹ̀ aránṣọ mọ̀ ni.

Ó jókòó, èékún rẹ̀ méjèèjì kan abẹ́ tábìlì. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, máṣíìnì náà yí padà sẹ́yìn. Òwú já, òwú lọ́, òwú tún já. Nígbà tó fi máa di pé ẹsẹ̀ rẹ̀ mú orin náà, ojú rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti rán etí ọwọ́ ẹ̀wù tó wọ̀ mọ́ èérún aṣọ.

Aránṣọ rẹ́rìn-ín débi pé ó fi ògiri ṣe àtìlẹ́yìn. Ó wá mú sísọ́ọ̀sì, ó tẹ̀ mọ́ ọn láti tú u sílẹ̀. Ọkùnrin náà kò mira. Òórùn ọṣẹ àti pẹtiróòlù ń jáde lára rẹ̀. Ọwọ́ aránṣọ dúró lórí òwú. Ọdún mẹ́rin ni kò ti gé òwú lára ọkùnrin, ọkàn rẹ̀ sì lù kì, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹsẹ̀ bọ àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀.

"Ẹsẹ̀ yín kò ṣẹ̀," Bàbá Jẹ́jẹ́ wí. "Iṣẹ́ tó mọ̀ ló ń ṣe."

Ó padà lọ sílé. Ó tú jíà kúrò lára alùpùpù tó fi pín lẹ́tà, èyí tí kò ní orí gìgísẹ̀ rárá, ó gbé e wá, ó sì dè é mọ́ ti obìnrin náà. Láti ọjọ́ yẹn, alùpùpù tirẹ̀ wà nílé bí ẹni tí wọ́n yọ léyín, ti aránṣọ sì ń lọ geere.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mìíràn dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí pápá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìjókòó yọ̀ ọ́ síwájú, ó sì já sínú kòtò ìdí ọkọ rẹ̀. Ó bá a mu. Ó gbóná díẹ̀, bóyá oòrùn ni. Bó ṣe ń sọ fún ara rẹ̀ pé, ẹ wò ó, mo ti jókòó síwájú, nǹkan kan kàn án ní èjìká ọ̀tún.

Lẹ́ẹ̀kan. Rọra.

Ó dúró. Ó bojú wẹ̀yìn. Bàbá Jẹ́jẹ́ wà lọ́nà jíjìn, ó ń bá àwọn ọ̀dọ́bìnrin sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kankan nítòsí.

Ìgbà náà ló yé e. Bó ṣe bọ́ síwájú yẹn, ẹni tó wà níwájú ti bọ́ sẹ́yìn.

Kò sọ fún ẹnì kan. Kí ló fẹ́ sọ? Ó ń gùn ún, ó sì mọ̀ pé òun kò dá wà. Bó bá fẹ́ sáré jù, ọkọ rẹ̀ á kàn án. Bó bá fẹ́ yà láì wò, yóò kàn án. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, tíṣà ìṣirò tí kì í gba ohun tí kò lè kà gbọ́, bi í pé kí ló dé tí Màámi ń dá rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdí ló ń yún òun.

Nígbà tó kúrò ní pápá tó bọ́ sójú títì ọlọ́dà, tí Bàbá Jẹ́jẹ́ yá alùpùpù ẹlòmíràn tó ń tẹ̀ lé e, nǹkan yí padà. Bó bá ti ku díẹ̀ kó dé orí afárá, ẹni ẹ̀yìn á kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Dúró. Aránṣọ á dúró. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n lọ, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n padà lẹ́sẹ̀ afárá, ọ̀run sì ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀.

Bàbá Jẹ́jẹ́ rò pé nítorí pé kò rí ẹ̀yìn ni ẹ̀rù fi ń bà á. Ìgbà karùn-ún yẹn, bí aránṣọ ṣe yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti mu omi, ọkùnrin náà yí dígí wálẹ̀ kó bá ojú obìnrin náà mu. Ire ló pè é.

Aránṣọ gorí alùpùpù, ó gbójú sókè. Inú dígí tó jẹ́ pé òrùlé àti ojú ọ̀run ló ti ń rí níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, ó rí ọ̀nà. Ó rí èjìká ara rẹ̀. Ó rí ìjókòó ẹ̀yìn.

Ìjókòó náà ṣófo.

Ó yíjú sí Bàbá Jẹ́jẹ́. "Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án?" Kò pariwo. Ìyẹn ló burú níbẹ̀, obìnrin tí ariwo rẹ̀ máa ń dé òpópónà kẹta. Bàbá Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ láti dá dígí padà, ó wá rí i pé òun kò mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Aránṣọ fẹsẹ̀ rìn, ó ti alùpùpù náà délé. Ó gé èérún aṣọ dúdú kan, ó fi wé dígí náà. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni kò fi dé pápá.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, Bàbá Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Aránṣọ kò ní kó wọlé, kò sì ní kó máa lọ. Ọkùnrin náà wá sọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yẹn tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbé lẹ́tà. Mo gbé ti ayọ̀, mo gbé ti ikú, mo gbé èyí tí lọ́fínńdà ń ta sánsán lára rẹ̀. Mi ò ṣí ọ̀kan rí. Tiyín ni mo ṣí. Ẹ forí jì mí."

Aránṣọ pa iná áyọ́ọ̀nù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó wá jókòó.

Ó wá ròyìn àárọ̀ yẹn fún un, èyí tí kò sọ fún ọmọ rẹ̀ pàápàá. Àyà ló ń dun ọkọ rẹ̀ láti òru. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó ní kò tó nǹkan, àwọn jọ máa gun alùpùpù lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n dé orí afárá, obìnrin náà fara tì í, ó rí i pé ẹ̀yìn ọkọ òun ń gbóná bí irin áyọ́ọ̀nù, alùpùpù sì ti ń rìn bí ẹni tó mutí. Ó gbé ìka sókè láti kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá rò ó pé bí àwọn bá dúró síbí, ta ló máa gùn ún? Òun kò mọ̀ ọ́n gùn. Ló bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́yìn. Máa lọ. Ọkọ rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi í lé e lọ́wọ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti kú.

"Mo yẹ kí n kàn án," aránṣọ wí. "Báyìí òun ló ń kàn mí. Ibẹ̀ yẹn gan-an. Ó ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò jẹ́ kí òun dúró."

Ẹlòmíràn ì bá ti ní kó gbé ọkàn kúrò, pé kò sí irú rẹ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ sún àga rẹ̀ síwájú.

"Nígbà tẹ́ ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́yìn, kí ló ṣe?"

Kò sí ẹni tó bi í rí. Aránṣọ pa ojú dé, ó wá a. "Ó nà," ó wí díẹ̀díẹ̀. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó nà ṣánṣán. Ó tún fún alùpùpù níná sí i."

"Ẹ̀n-ẹ́n," Bàbá Jẹ́jẹ́ wí. "Lẹ́tà yẹn dé nìyẹn."

Aránṣọ sunkún tó yẹ kó ti sun láti ọdún mẹ́rin, imú rẹ̀ ń dà sára aṣọ oníbàárà, kò sì bìkítà. Nígbà tó nu ojú tán, ọkùnrin náà ń wo ilẹ̀, ó ní òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tó jókòó sẹ́yìn ní pápá ni. Ó ní òun ti gbìyànjú láti pa á mọ́ra bí òun ṣe máa ń pa gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́ra, èyí kò gbà.

"Ẹ̀yìn yẹn ní ẹni," aránṣọ wí.

"Mo mọ̀. Mo ń rí bẹ́ ẹ ṣe ń fi àyè sílẹ̀ fún un."

Kò béèrè ìdáhùn. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti rí i tó wọlé, wọ́n sì ti ka iye ìṣẹ́jú. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbẹ́nàgbẹ́nà ti dé. Kò jókòó. Ó ní òun gbọ́ pé ọkùnrin kan ń kọ́ ìyàwó àwọn, òun sì gbọ́ pé kì í ṣe alùpùpù nìkan.

Aránṣọ ní, "Ẹ̀gbọ́n, etí yín mọ́."

Ojú ọkùnrin náà pọ́n. Ó ní òun kò sọ pé kó má lọ́kọ, òun kì í ṣe ìkà. "Ṣùgbọ́n kò sí ọkùnrin tó máa gbé ìdí lé ibi tí àbúrò mi gbé ìdí lé. Ìyẹn ni mi ò ní gbà."

"Ìdí tèmi ló wà níbẹ̀ báyìí, Ẹ̀gbọ́n. Ó kún un. Bí mo bá ní ẹni tí mo fẹ́ fi hàn yín, ẹ̀yìn ni màá gbé e sí wá bá yín."

Ó ti sọ ọ́ kó tó mọ ohun tó sọ. Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n lọ, ó jókòó sórí òkìtì aṣọ. Ó wá ránṣẹ́ sí Bàbá Jẹ́jẹ́ pé kó múra lọ́jọ́ Sátidé, òun fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹbí ọkọ òun. Ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ náà ní nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́, ó fi ọwọ́ wá àga lẹ́yìn rẹ̀, kò sì rí i, ilẹ̀ ló bá ara rẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ṣòro jù. Ó ní òun kò mọ bí ojú òun ṣe máa rí ẹlòmíràn lórí alùpùpù Bàámi. Ó tún ní àwọn èèyàn á máa wò wọ́n, ọkùnrin lẹ́yìn obìnrin. Aránṣọ ní kí wọ́n wò dáadáa, òun ti rán ṣòkòtò tuntun. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ Sátidé, bó ti wù kó rí, ó gbé akoto méjèèjì jáde, ti bàbá rẹ̀ tó tóbi àti ti ìyá rẹ̀ tó ní òdòdó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Aránṣọ na ọwọ́ sí tirẹ̀. Ọmọ náà fà á sẹ́yìn.

"Ẹni tó bá wà níwájú ló ń dé ti iwájú, Màámi." Ó fi ti bàbá rẹ̀ dé e lórí. Ó gbé olódòdó fún Bàbá Jẹ́jẹ́ láì wo ojú rẹ̀. "Ó máa fún yín díẹ̀, sà. Ẹ farabalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀."

Aránṣọ tú aṣọ dúdú kúrò lára dígí. Fúnra rẹ̀ ló yí i, díẹ̀ sísàlẹ̀, díẹ̀ sápá òsì, títí tó fi rí ọ̀nà. Ó rí Bàbá Jẹ́jẹ́ pẹ̀lú, akoto olódòdó há a lórí, ó fẹ̀yìn ti irin ẹ̀yìn, ó di irin náà mú lọ́wọ́ méjèèjì. Wọ́n ti jọ ṣe àdéhùn: kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀.

Wọ́n gbéra. Jíà tó ti ara alùpùpù lẹ́tà wá gbà, ó lọ geere. Wọ́n kọjá pápá, wọ́n kọjá ilé ìwé. Afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn òjò bọ̀. Níwájú wọn, afárá yọ, ó gùn, ó funfun, omi ń ṣẹ́jú lábẹ́ rẹ̀.

Ó kàn án. Lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wo dígí. Ọwọ́ Bàbá Jẹ́jẹ́ méjèèjì wà lára irin, ó sì di ojú pinpin, òun olùkọ́ tó ti kọ́ ogójì èèyàn. Ọwọ́ aránṣọ dé ojú bíréékì. Táyà iwájú ti kan etí afárá.

Ó tún kàn án. Dúró.

"Mo gbọ́," aránṣọ wí sókè, sínú afẹ́fẹ́. "Mo gbọ́ ẹ, ọkọ mi. Mo mọ̀ pé ó dùn ẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní dúró níbí mọ́. Mo ti mọ̀ ọ́n gùn báyìí, ṣé o rí i? Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n, má bínú. Ìwọ ni ẹrù mi lónìí." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. "Ẹrù mi, ṣé o ti gúnlẹ̀?"

Ó dúró de ìdáhùn bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń dúró dè é, kò yí orí, ó kàn fetí sí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Irin afárá ń kọjá lọ́tùn-ún, ń kọjá lósì. Kò sí ohun tó kàn án mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀ nà ṣánṣán, ó sì fún un níná.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà gbẹ́nàgbẹ́nà, kò rò ó, ọwọ́ rẹ̀ ló tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì, kúkúrú àti gígùn, bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Ẹ̀gbọ́n sáré jáde láìwọ bàtà, èérún pákó kún irùngbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ sì jẹ́ ojú ẹni tó ń retí ẹnì kan. Ó rí wọn. Ojú náà rọra padà sípò.

Ó rìn yí alùpùpù ká. Ó fọwọ́ kan táńkì. Ó wo akoto olódòdó.

"Ìwọ lọkùnrin náà?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ̀yìn lo jókòó sí."

"Ibẹ̀ ló kù, sà."

Gbẹ́nàgbẹ́nà yí ojú sápá kan, ó húkọ́ díẹ̀ kí wọ́n má baà rí ohun tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ ṣe. Ó ní kí wọ́n wọlé wá jẹun. Wọ́n jẹun, wọ́n sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ títí, ó rojọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín rẹ̀, ó wá bi Bàbá Jẹ́jẹ́ ní gbogbo ohun tí bàbá ìyàwó máa ń bi èèyàn, ọkùnrin náà sì fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́ta dáhùn gbogbo rẹ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú gan-an, ẹ̀gbọ́n sìn wọ́n jáde. Ó gbé ọwọ́ lé kòtò tó wà lójú ìjókòó, ó mú ọwọ́ kúrò.

"Ìyàwó wa," ó ní, "tìrẹ ni."

Aránṣọ kúnlẹ̀ kí i. Ó gorí alùpùpù, ó jókòó sínú kòtò náà, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Bàbá Jẹ́jẹ́ ṣì dúró nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra ìbàdí.

"Awakọ̀ mi," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹni tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ lórí afárá yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó sún síwájú díẹ̀ bá a bá ń padà. Irin ẹ̀yìn yìí ti ń gún mi nídìí láti àárọ̀."